Manuel de Abreu: Dókítà tó kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ìlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Dókítà Manuel Dias de Abreu, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọkùnrin yìí ló wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí àrùn tó fara pamọ́ sínú àyà fi ń hàn síta kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá a ní Rio de Janeiro, lọ́jọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1962, inú ẹ̀dọ̀fóró náà ni ikú gbà wọlé sí i. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á.

Lóòótọ́, orúkọ Abreu kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Èkó, ṣùgbọ́n ní Brazil, àwọn àgbà oníṣègùn bíi Oswaldo Cruz àti Carlos Chagas ni wọ́n kà á mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ṣómólú àti Bàrígà bí orúkọ rẹ̀ ṣe jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó lọ ya X-ray àyà kó tó lè wọ yunifásítì, àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó mú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wá kó tó gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, ojú ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Kókó ọ̀nà náà ni pé kí wọ́n yẹ ẹni tí ara rẹ̀ le wò, kí wọ́n má dúró dìgbà tí àrùn yóò dá a dùbúlẹ̀.

Ìlú São Paulo ni wọ́n bí Manuel de Abreu sí, lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kìíní, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgàl ni bàbá rẹ̀, ọmọ Brazil sì ni ìyá rẹ̀. Ọdún díẹ̀ péré ṣáájú ìgbà náà, ní 1888, ni Brazil ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn wà káàkiri Bahia àti Rio. Àwọn kan nínú wọn ti padà wá sí Èkó, àwọn ni wọ́n ń pè ní Àgùdà, tí àdúgbò wọn ní Erékùṣù Èkó ń jẹ́ Pópó Àgùdà. Ní ti àwọn tó kù sí Rio, inú ilé tó há gádígádí ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé pẹ̀lú àwọn tálákà mìíràn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ife, tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, fẹ́ràn jù lọ. Iṣẹ́ tí ọmọ tuntun yìí yóò ṣe láyé ti ń dúró dè é níbẹ̀.

Rio de Janeiro ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ọdún 1914 ló sì gboyè jáde. Lẹ́yìn èyí ni òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, nítorí Paris ni dókítà tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ dunjú ń lọ nígbà náà. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, ìyẹn ló mú kó kọ́kọ́ dúró sí Lisbon. Ọdún 1915 ló tó wọ Paris. Ogun ti kó ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ Faransé lọ sójú ìjà, ààyè sì ṣí sílẹ̀ nílé ìwòsàn fún àlejò tó bá mọṣẹ́. Lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa ya fọ́tò àwọn ẹ̀yà ara tí wọ́n gé kúrò lára aláìsàn. Ó dà bí iṣẹ́ kékeré lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ kámẹ́rà, lẹ́ńsì àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ló padà wá sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn Hôtel-Dieu lọ́dún 1916 ni òun àti X-ray tó mọra dáadáa. Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ló ṣàwárí ìtànṣán yìí lọ́dún 1895. Ìtànṣán náà ń gba inú ẹran ara kọjá, egungun ló ń dí i lọ́nà. Ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ kì í dí i, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúdú nínú àwòrán. Bí ọgbẹ́, omi tàbí kókó bá wà níbẹ̀, funfun ni yóò hàn. Kí X-ray tó dé, etí àti ìka ọwọ́ ni dókítà fi ń wá àrùn inú àyà. Á gbé etí lé àyà aláìsàn, á fi ìka gbá a, á sì máa fetí sí bó ṣe ń dún. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àrùn á ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró jìnnà kí etí tó gbọ́ ohunkóhun. Abreu rí i pé ojú lè rí ohun tí etí kò tíì gbọ́.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ilé ìwòsàn Laennec, níbi tó ti gbájú mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 1918, ó ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè wọn dúdú àti funfun inú àwòrán X-ray, kí ìdájọ́ dókítà má baà jẹ́ ti ojú lásán. Lọ́dún 1921, ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé lórí bí X-ray ṣe ń fi ikọ́ ife hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú awọ tó bò ó. Ọdún tó tẹ̀lé e ló padà sílé.

Rio tó bá nílẹ̀ lọ́dún 1922 kò dùn ún wò lójú oníṣègùn. Ìlú náà rẹwà létí òkun, òkè yí i ká, ṣùgbọ́n ikọ́ ife ń pa àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń já ewé. Kòkòrò tí Robert Koch ṣàwárí lọ́dún 1882 ló ń fa àrùn náà. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó sín, tó kọrin tàbí tó sọ̀rọ̀, kòkòrò náà á fò sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá wà nínú yàrá kan náà á sì fà á símú. Kò sí oògùn rẹ̀ láyé nígbà náà. Ìsinmi, oúnjẹ tó ṣara lóore àti afẹ́fẹ́ tútù orí òkè ni wọ́n ń júwe fún aláìsàn, tálákà kò sì lè rí owó ìwọ̀nyí san. Ẹ̀ka tó ń gbógun ti ikọ́ ife, lábẹ́ ẹ̀ka ìlera ìjọba tí Carlos Chagas ń darí, ni Abreu ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ X-ray.

Ohun kan wá ń dà á láàmú. Ẹni tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àrùn ti wọ̀ ọ́ lára tán. Ó ti rù kan egungun, ó ń pọ ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́, ó sì ti lè kó o ran ìyàwó àti ọmọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí wọ́n tó lè tètè mú olè yìí, àfi kí wọ́n wo àyà ẹni tí kò wúkọ́. Ta wá ni wọn yóò wò, ta ni wọn yóò fi sílẹ̀? Gbogbo ìlú ni yóò gbà. Ibẹ̀ ni owó ti dí wọn lọ́nà. Fíìmù X-ray ńlá, tó fẹ̀ tó àyà ènìyàn, wọ́n gógó, kò sí ìjọba tó lè rà á fún gbogbo ará ìlú. Ọ̀nà kejì ni pé kí dókítà jókòó nínú òkùnkùn, síwájú pátákó kan tí wọ́n fi èròjà tó ń tàn kùn, kó máa fi ojú wo òjìji ẹ̀dọ̀fóró bí ìtànṣán ti ń gba ara aláìsàn kọjá. Ìyẹn kò gba fíìmù, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀, ìtànṣán náà sì ń ba dókítà fúnra rẹ̀ lára jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Èrò tó wá sọ́kàn Abreu rọrùn lẹ́nu. Bí òjìji bá ti wà lójú pátákó tó ń tàn, kí ló dé tí wọn kò fi ní fi kámẹ́rà ya òjìji náà sórí fíìmù kékeré, irú èyí tí àwọn onífọ́tò ń lò? Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin owó fọ́tò ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀ àti owó pásípọ́ọ̀tù yóò mọ ohun tí dókítà yìí ń wá. Ṣùgbọ́n ẹnu ló ti rọrùn, kò rọrùn lọ́wọ́. Ó dán an wò ní Paris lọ́dún 1919, kò ṣeé ṣe. Ó tún dán an wò ní Rio lọ́dún 1924, pàbó ló já sí. Ìmọ́lẹ̀ ojú pátákó náà kò tó, lẹ́ńsì ayé ìgbà náà kò sì lè mú un. Láàrin ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, àwọn oníṣẹ́ ṣe pátákó tó ń tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣe lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 1936, Abreu padà sídìí iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní ti àwọn ará Jámánì ní Rio. Lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán náà jáde. Fíìmù rẹ̀ kò fẹ̀ ju mílímítà 35 lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ọgbẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró hàn kedere.

Ìgbà yìí ni ó wá ṣeé ṣe láti to àwọn ará ìlú sórí ìlà. Ẹnì kan á bọ́ síwájú, á gbé àyà ti ẹ̀rọ, á mí sínú, á dá èémí dúró. Kó tó mí síta, ó ti parí, ẹni tó tẹ̀lé e á bọ́ síwájú. Lẹ́yìn iṣẹ́, dókítà á jókòó ti fíìmù kan tí wọ́n ká bí okùn, tí àyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wà lórí rẹ̀. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá mú ìfura dání nìkan ni wọn yóò pè padà fún X-ray ńlá àti àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Lọ́dún 1937, wọ́n ṣí ibi àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí ní Rio. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó wá sọ pé ara òun kò yá. Àwọn tó gbà pé kò sí ohun tó ṣe àwọn ni wọ́n. Síbẹ̀, wọ́n rí àwọn tí àrùn ti ń jẹ láyà nínú wọn.

Níbi ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣègùn Brazil ṣe lórí ikọ́ ife lọ́dún 1939, wọ́n fi orúkọ Abreu sọ ọ̀nà náà. Abreugrafia ni wọ́n ń pè é ní Brazil láti ìgbà náà. Àwọn ilẹ̀ mìíràn fún un ní orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Amẹ́ríkà fi irú X-ray kékeré yìí yẹ àyà àwọn ọmọ ogun tuntun wò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1943, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà sínú mọ́tò kó lè dé àdúgbò àti iléeṣẹ́. Ní Glasgow, ìlú kan ní Scotland tí ilé ti há, tí ikọ́ ife sì gbilẹ̀, àwọn tó lé ní 700,000 ni wọ́n ya àwòrán àyà wọn láàrin ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lọ́dún 1957. Ní Brazil fúnra rẹ̀, ó di ohun tí ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú dání fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè ńlá kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí kò ṣeé fojú fò. Bí wọ́n bá rí àrùn tí kò ní oògùn, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Ní 1937, ìdáhùn rẹ̀ kò dùn létí. Ohun tí wọ́n lè ṣe kò ju pé kí wọ́n fún aláìsàn ní ìsinmi, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ kó má baà kó o ran ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé àrùn wà láyà rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ láì rí ìwòsàn kankan gbà. Ìgbà tí wọ́n ṣàwárí oògùn streptomycin ní 1943, tí isoniazid sì tẹ̀lé e ní 1952, ni fíìmù kékeré Abreu wá ní ìtumọ̀ kíkún. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá tètè rí, wọ́n lè wò ó sàn pátápátá.

Abreu kò fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú ayé. Akéwì ni, ó sì tẹ ìwé ewì jáde láàrin àwọn ọdún 1920 àti 1930, nígbà tó ń bá ikọ́ ife jà lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1940, ó tún gbé ọ̀nà mìíràn jáde, tí wọ́n fi ń fi omi ṣan inú ọ̀nà èémí láti wá kòkòrò ikọ́ ife lára ẹni tí kò lè pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel ju ìgbà kan lọ, ṣùgbọ́n kò gbà á. Brazil bọlá fún un lọ́nà tirẹ̀, wọ́n sọ ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní, tí í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, di Ọjọ́ Abreugrafia.

Ọ̀tá kan wà tó ti wọlé láìkan ìlẹ̀kùn, sìgá ni. Bí ọ̀pọ̀ dókítà ayé ìgbà náà, Abreu ń mu sìgá. Lọ́dún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Ernst Wynder àti Evarts Graham ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde tó so sìgá pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Graham fúnra rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóró tó lókìkí, ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á lọ́dún 1957. Ó di 1962, ó kan Abreu. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nínú oṣù kẹta ọdún náà, ni ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn ní London gbé ìwé ńlá wọn jáde láti kìlọ̀ fún gbogbo ìlú pé sìgá ń pa ènìyàn.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló dé tí X-ray tó ń rí ikọ́ ife kò fi lè gba ẹni tó ṣe é lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ìdáhùn rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yé àwọn onímọ̀. Kókó jẹjẹrẹ tó ṣì kéré lè fara pamọ́ sẹ́yìn egungun ìhà tàbí sẹ́yìn ọkàn, nítorí pé òjìji kan ṣoṣo ni X-ray ń yà. Ìgbà tó bá fi máa tóbi tó ohun tí wọ́n lè rí, ó lè ti tàn kálẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí nǹkan bí 155,000 ènìyàn, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, X-ray àyà ọdọọdún kò dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa kù.

Ẹ̀rọ mìíràn ló wá ṣe é. Godfrey Hounsfield, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ẹ̀rọ CT, tí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ aláìsàn wò lọ́dún 1971. Òun àti Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1979. Ẹ̀rọ yìí ń yí ènìyàn po, ó sì ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele bí ẹni ń gé búrẹ́dì, kókó kékeré kò sì rí ibi sá sí mọ́. Láti 2002, wọ́n fi CT tí ìtànṣán rẹ̀ kò pọ̀ wé X-ray lára àwọn 53,454 ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ti mu sìgá púpọ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí ọjọ́-orí wọn wà láàrin 55 sí 74. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2011, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 20 nínú 100 dín kù lára àwọn tí wọ́n fi CT wò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Netherlands àti Belgium, tó jáde lọ́dún 2020, ti èyí lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kéde lọ́dún 2023 pé àwọn yóò máa fi CT yẹ àwọn tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí wò, láti ọdún 55 sí 74.

CT náà ní àléébù tirẹ̀. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà yẹn, nínú 100 àbájáde CT tó mú ìfura dání, bí 96 ni kò já sí jẹjẹrẹ. Ojú àpá àrùn àtijọ́ àti kókó tí kò lè pani ni púpọ̀ nínú wọn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti lè lo oṣù mélòó kan nínú ìbẹ̀rù, kó sì ná owó sórí àyẹ̀wò mìíràn. X-ray kékeré ti Abreu náà gba irú ìdájọ́ yìí. Ìtànṣán tó ń lò ju ti X-ray ńlá lọ, bí ikọ́ ife sì ti ń dín kù ní àwọn ìlú olówó, iye àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò lásán ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1974, ìgbìmọ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dá a nímọ̀ràn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú gbígbé mọ́tò X-ray káàkiri láti yẹ gbogbo ènìyàn wò láìṣẹ̀ṣà. Kì í ṣe pé wọ́n sọ iṣẹ́ Abreu nù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, kí ìwòsàn sì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá rí àrùn lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣómólú, ìlú àwọn onítẹ̀wé, àti Bàrígà tó di ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè lọ́dún 2003. Ilé pọ̀ níbẹ̀ tí yàrá kọjú sí yàrá, tí bàbá, ìyá àti ọmọ ń sùn sínú yàrá kan, tí fèrèsé kò sì tó. Bí Rio ayé Abreu ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2012 láti mọ bí ikọ́ ife ṣe pọ̀ tó, X-ray àyà wà lára ohun tí wọ́n fi yẹ àwọn tó lé ní 44,000 wò. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ju ohun tí wọ́n ti fojú bù tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ikọ́ ife kì í ní ikọ́ tàbí ibà tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Abreu fi tún padà wá lọ́nà tuntun. Ẹ̀rọ X-ray ti di ohun tí wọ́n lè gbé lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà sì ń bá òṣìṣẹ́ ìlera ka àwòrán náà lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2021 ni WHO fọwọ́ sí i pé wọ́n lè lo kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láti wá ikọ́ ife lára àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 15. Irú ẹ̀rọ yìí ti wọ Nàìjíríà, wọ́n sì ti ń gbé e lọ sáàrin àwọn ará ìlú.

Ní ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, Nàìjíríà kò ní ètò tí wọ́n fi ń fi CT yẹ gbogbo àwọn amusìgá wò, owó CT kan kì í sì ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń gbé owó ọjà lójoojúmọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àrùn méjèèjì jọ ara wọn. Ikọ́ tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àyà dídùn àti kí ènìyàn máa rù wà nínú ìkíní, wọ́n sì wà nínú ìkejì. Àwọn oníṣègùn ti rí aláìsàn púpọ̀ tí wọ́n ń fún ní oògùn ikọ́ ife fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló wà láyà wọn, tí ó sì ti pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀. Nítorí náà, ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àgbo àti oògùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bò mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn ikọ́ ife, tí wọ́n sábà máa ń lò fún oṣù mẹ́fà, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Mainland Hospital tó wà ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Ṣómólú, ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹni tí àyẹ̀wò kò bá rí kòkòrò lára rẹ̀, tí ikọ́ kò sì lọ, tàbí tó ti lo oògùn ikọ́ ife tán tí ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, kó padà lọ béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ dókítà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí kò gba ẹ̀rọ, òun náà sì ni Abreu ìbá ti fi gba ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lọ́dún 2014 tó ka mímu sìgá léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí èrò ń péjọ sí, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tiwọn lórí tábà lọ́dún 2015. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá lónìí, ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ yóò máa dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èéfín igi ìdáná, èédú àti díísù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, bí ènìyàn kò tilẹ̀ fẹnu kan sìgá rí.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Manuel de Abreu ti jáde láyé. Fíìmù kékeré rẹ̀ ti kúrò lóde, lẹ́ńsì rẹ̀ ti di ohun àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tó ti lò wọ́n rí kò mọ ibi tí wọ́n kó wọn sí mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó béèrè ní Rio lọ́dún 1922 kò tíì gbó. Nínú yàrá kan ní Bàrígà tàbí Ṣómólú lónìí, ẹnì kan wà tí kò wúkọ́, tí ara rẹ̀ ń yá gágá, tí àrùn sì ti wà láyà rẹ̀. Ta ni yóò lọ wá a rí?